Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Okùn fún Gìtá Báàsì Yín Àkọ́kọ́

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra báàsì sábà máa ń fi okùn tó bá lára rẹ̀ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó mọ̀ pé okùn náà ti kú kí òun tó gbé e délé. Gìtá ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ pípẹ́, ọwọ́ oríṣiríṣi èèyàn ti bà á, òógùn ti wọ inú wáyà, ohùn ti di gbùù. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa rò pé ìka òun ni kò mọ̀ ọ́n ta, tàbí pé ayédèrú gìtá ni wọ́n tà fún òun. Okùn ni, kì í ṣe ìka.

Ẹni tó ń kánjú, ìdáhùn yín rèé: bí báàsì yín bá jẹ́ olókùn mẹ́rin, tó sì gùn bí báàsì ṣe sábà máa ń gùn, ẹ ra okùn roundwound (èyí tí wáyà roboto wé lára) onírin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò, èyí tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 45 sí 105 tàbí 45 sí 100, kí wọ́n sì kọ Long Scale sára páálí rẹ̀. Ẹ fi sí i, ẹ máa ta á lọ. Ìyókù ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹni tó fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, àti ẹni tí báàsì rẹ̀ kò bá àpèjúwe yẹn mu.

Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ. Okùn ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ti ọwọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di ti etí. Etí akọ́ṣẹ́ kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn kan àti èkejì dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tó ń dùn ún. Okùn tó bá jẹ́ kí ẹ lè jókòó ti gìtá fún ìṣẹ́jú 40 dípò ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́, òun ni okùn tó dáa fún yín lónìí. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, etí á ti là, ẹ ó sì lè máa wá ohùn kiri bó ṣe wù yín.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wọn gìtá kí ẹ tó wo okùn

Ẹ ka iye kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí gìtá, èyí tí a ń yí láti fa okùn le, kì í ṣe okùn, nítorí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè ti yọ ọ̀kan. Mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù, orúkọ ohùn wọn sì ni E, A, D, G, láti orí èyí tó nípọn jù dé orí èyí tó tín-ín-rín jù. Bó bá jẹ́ márùn-ún, B ló sábà máa ń ṣáájú E, òun ló nípọn jù, ohùn rẹ̀ ló sì lọ sílẹ̀ jù. Páálí olókùn márùn-ún ni kí ẹ rà fún un. Ẹ má ra ti mẹ́rin kí ẹ wá máa wá B kiri lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú téèpù tí a fi ń wọn nǹkan. Eegun tàbí ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí okùn ń gba ojú rẹ̀ kọjá kó tó dé orí gìtá. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀ dé orí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá (fírẹ́ẹ̀tì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan tó dábùú ọrùn gìtá), kí ẹ sì sọ iye tí ẹ bá rí di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá rí íǹṣì 17, báàsì yín jẹ́ íǹṣì 34 nìyẹn, òun ni Long Scale. Òun ló pọ̀ jù, nítorí bí Leo Fender, tó ń ṣe gìtá, ṣe gé Precision Bass rẹ̀ nìyẹn nígbà tó gbé e jáde ní 1951, ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e kò sì kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá rí íǹṣì 15, íǹṣì 30 ni tiyín, Short Scale. Ìdílé yìí ni báàsì Höfner tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles lọ́wọ́ wà. Bó bá jẹ́ íǹṣì 16, ẹ ní íǹṣì 32, Medium Scale. Àwọn olókùn márùn-ún kan sì wà tí wọ́n gùn tó íǹṣì 35.

Kí ló dé tí mo ń da yín láàmú pẹ̀lú téèpù? Okùn báàsì kì í ṣe wáyà tó rí bákan náà láti orí dé ìdí. Ní apá tó máa wé mọ́ kọ́kọ́rọ́, wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó tín-ín-rín, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì máa ń fi òwú aláwọ̀ wé ibẹ̀. Ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì, lápá orí gìtá, ni ibi tín-ín-rín yẹn gbọ́dọ̀ wà. Bí okùn bá kúrú jù, òwú yẹn á bọ́ sójú ọrùn gìtá níbi tí ìka ti ń tẹ̀ ẹ́, ohùn á sì kú síbẹ̀. Bó bá gùn jù, apá tó nípọn gan-an ni ẹ ó máa fipá wé mọ́ kọ́kọ́rọ́, irin inú rẹ̀ sì lè ṣẹ́. Èmi náà ti ra okùn Long Scale fún báàsì kúkúrú rí, nítorí ẹni tó tà á fún mi ní okùn lokùn ń jẹ́. E yẹn wé mọ́ kọ́kọ́rọ́ bí ejò tó gbé odidi ẹran mì, kò sì dúró lójú ohùn rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan.

Ẹ tún dojú gìtá dé, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò tí okùn ń gbà wọlé láti ẹ̀yìn ara gìtá, okùn yín ní ọ̀nà púpọ̀ láti rìn ju ti ẹni tí okùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí bíríìjì, irin tó gbé okùn dúró lára gìtá, lọ. Ẹ wo gígùn tí ilé-iṣẹ́ kọ fún okùn náà, kí ẹ sì fi wé ti gìtá yín láti ìdí okùn dé nọ́ọ̀tì. Àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe okùn flatwound (èyí tí wáyà pẹlẹbẹ wé lára) tilẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé kí a má gba tiwọn ẹ̀yìn gìtá wọlé rárá, nítorí kọ́nà ibẹ̀ ti mú jù fún un.

Bó bá sì jẹ́ báàsì tó ní ihò ńlá níkùn, èyí tó ń dún láìlo iná, okùn tirẹ̀ yàtọ̀. Bronze ni wọ́n sábà máa ń fi sí i. Ẹ má gbé bronze sórí báàsì oníná, nítorí òòfà tó wà nínú pickup, ohun tó ń gba ohùn okùn lára gìtá, kì í gbọ́ ọ dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìnípọn

Ibí yìí ni ọwọ́ ti ń sọ̀rọ̀ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Nọ́ńbà tó wà lára páálí kì í ṣe àdììtú. Bí wọ́n bá pín íǹṣì kan sí ọ̀nà 1000, 45 nínú rẹ̀ ni ìnípọn okùn G tí wọ́n kọ 45 sí. Nítorí náà, 45-65-85-105 ń sọ ìnípọn okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún yín, láti G dé E. Àwọn oníbáàsì kì í kà á tán. Wọ́n á kàn ní "mo ń lo 45-105", gbogbo ẹgbẹ́ á sì ti yé ara wọn. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 40 tó parí sí 95 tàbí 100 ni wọ́n ń pè ní fẹ́lẹ́. 45-100 àti 45-105 wà láàárín. 50-110 sókè, àwọn alágbára nìyẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí okùn méjì bá gùn bákan náà, tí ẹ sì fẹ́ kí wọ́n dún bákan náà, èyí tó nípọn ni ẹ gbọ́dọ̀ fà le jù. Tí ẹ bá yọ G tó jẹ́ 45, tí ẹ fi 40 sí i, bí okùn ṣe ń fà tó á dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ní ti E, láti 105 sí 100, ohun tó dín kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lójú, ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan. Lọ́wọ́ ẹni tí ìka rẹ̀ kò tíì yi, ó tó nǹkan o.

Kí wá ni kí akọ́ṣẹ́ mú? Ìnípọn àárín, 45-100 tàbí 45-105. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún un pé kó lọ sí fẹ́lẹ́ jù lọ nítorí ìka rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Akọ́ṣẹ́ máa ń ta okùn tagbára-tagbára, nítorí kò tíì mọ bí ọwọ́ ṣe ń rọra. Okùn tó fẹ́lẹ́ jù á máa fò sókè sódò, á máa lu fírẹ́ẹ̀tì, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Á máa gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i kí ariwo yẹn lè dákẹ́, ìyẹn ni pé ìnira tó ń sá fún gan-an ló padà bá a. Okùn tó le díẹ̀ máa ń dá ọwọ́ padà, á sì kọ́ ọ bí a ṣe ń ta nǹkan ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ìka ò dọ́gba: bó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí ẹni tí ọwọ́ tàbí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ní ìrora tẹ́lẹ̀, 40-100 tàbí 40-95 kò ṣàìdáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ní báàsì íǹṣì 30, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Okùn kan náà, lórí ohùn kan náà, kì í fà tó ti íǹṣì 34. Ó máa ń dín ní bí ìdá kan nínú márùn-ún. 45-105 gan-an á rọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má lọ wá fẹ́lẹ́ kún rírọ̀, E yín á máa dún bí rọ́bà.

Olókùn márùn-ún ń kọ́? 45-130 tàbí 45-125 ló wọ́pọ̀. Ẹni tó sì fẹ́ máa ta orin rọ́ọ̀kì tó wúwo, tó máa sọ E rẹ̀ kalẹ̀ sí D, kó mú 50-110, nítorí bí a bá ti sọ okùn kalẹ̀, ó ń rọ̀.

Ọ̀rọ̀ rírọ̀ yẹn ló mú mi rántí ohun kan tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí okùn tó wà lára gìtá yín bá le jù fún yín, kí ẹ tó lọ ra òmíràn, ẹ sọ gbogbo okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀ ní ìdajì ohùn kan, kí E di E♭, kí A di A♭, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fífà rẹ̀ á dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ta á bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó tù yín lára, a jẹ́ pé okùn tó fẹ́lẹ́ díẹ̀ ló yẹ yín lóòótọ́. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ibòmíràn ni ìṣòro wà, màá sì débẹ̀ láìpẹ́. Ẹ kàn rántí pé bí ẹ bá fẹ́ ta báàsì mọ́ orin tó ń dún lórí fóònù, ẹ ó ní láti dá a padà sójú ohùn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí wọ́n ṣe wé okùn náà

Nínú okùn báàsì, irin kan wà láàárín bí ọ̀pá ẹ̀yìn, wáyà mìíràn ló sì wé e lára láti òkè dé ilẹ̀. Bí wáyà tó wé e yẹn ṣe rí ló pín okùn sí ìdílé-ìdílé.

Roundwound ni èyí tí wáyà rẹ̀ rí roboto. Bí ẹ bá fi èékánná fà á, á dún ṣììì, á sì rí gbágungbàgun lábẹ́ ìka bíi fáìlì tí a fi ń pọ́n irin. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ó ń dún gbìn-ìn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kú sílẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nígbà tí báàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Flatwound ni gbogbo ayé ń lò. Àwọn ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ Rotosound ní England bá John Entwistle, tó ń ta báàsì fún ẹgbẹ́ The Who, ṣiṣẹ́ lórí irú okùn yìí, nítorí ó fẹ́ kí báàsì máa dún bíi dùùrù. Lónìí, òun ló wà lára ọ̀pọ̀ báàsì tuntun tí ẹ bá gbé nílẹ̀. Kò sí irú orin tí kò ṣeé fi í ta, òun ló sì wọ́n kéré jù. Àléébù rẹ̀ ni pé ìdọ̀tí máa ń wọ àárín wáyà rẹ̀, dídán ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí báàsì yín kò bá ní fírẹ́ẹ̀tì, ó tún máa ń họ igi ọrùn rẹ̀.

Flatwound, wáyà pẹlẹbẹ ni wọ́n fi wé e, ó ń dán, ó sì ń yọ̀ lábẹ́ ìka bíi dígí. Ohùn rẹ̀ kúrú, ó jinlẹ̀: gbù, gbù. James Jamerson, tó ta báàsì sínú àìmọye àwo ilé-iṣẹ́ orin Motown, òun ló lò, kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀ àfi bó bá já. Ohun tó yẹ kí akọ́ṣẹ́ gbọ́ nípa flatwound ni pé kò fi ọwọ́ họ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló le ju roundwound tí nọ́ńbà wọn jọ bákan náà lọ. Awọ ìka á gbádùn, iṣan ọwọ́ á ráhùn. Ó tún wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè lo ọdún púpọ̀ lára gìtá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé orin àtijọ́ nìkan ló wà fún: Steve Harris, oníbáàsì ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì líle Iron Maiden, ń lò ó, a kò sì lè pe Iron Maiden ní orin ìfọ̀kànbalẹ̀.

Àárín àwọn méjèèjì yìí ni half round wà: roundwound tí wọ́n pọ́n ojú rẹ̀ kó lè tẹ́. Ó jọ àdéhùn tí kò tẹ́ ẹnì kankan lọ́rùn pátápátá, èmi kò sì mọ akọ́ṣẹ́ tó nílò rẹ̀. Tapewound sì ni èyí tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù bò, ó sábà máa ń dúdú, ohùn rẹ̀ ń fara jọ ti báàsì ńlá onígi tí a ń gbé dúró. Ó dáa fún báàsì tí kò ní fírẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ó nípọn gan-an, ó lè má wọ ihò nọ́ọ̀tì yín.

Tó bá jẹ́ èmi ni ẹ bi: roundwound fún ọdún àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ kì í bo àṣìṣe. Bí ìka bá tẹ okùn láìdé ibi tó yẹ, ẹ ó gbọ́ ọ. Bí okùn kan bá ń dún nígbà tó yẹ kó dákẹ́, ẹ ó gbọ́ ìyẹn náà. Flatwound máa ń ṣàánú akọ́ṣẹ́ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: irin wo?

Kò gba àròjù. Irin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò, Nickel Plated Steel, ló wà láàárín, òun ni kí ẹ mú. Stainless Steel ń dún gooro jù, ó le jù lábẹ́ ìka, ó sì tètè ń jẹ fírẹ́ẹ̀tì. Pure Nickel rọ̀ létí. Bí níkẹ́ẹ̀lì bá máa ń yún yín lára, bíi kí yẹtí tàbí bọ́tìnnì ṣòkòtò máa sú yín lára, ẹ gbìyànjú Stainless.

Àwọn kan tún wà tí òógùn wọn máa ń jẹ irin: wọ́n á fi okùn tuntun sí i ní ọjọ́ Ajé, á ti dúdú kó tó di Àbámẹ́ta. Irú wọn ni okùn tí wọ́n fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, èyí tí wọ́n ń kọ Coated sí, wà fún. Owó rẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ má dá okùn lẹ́bi tẹ́lẹ̀

Ibí yìí ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní kà á, nítorí okùn ni ẹ fẹ́ rà.

Ẹ gbé rúlà sí orí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín orí fírẹ́ẹ̀tì àti ìsàlẹ̀ okùn E. Bó bá jẹ́ mìlímítà 2 sí 2.5, ó dáa. Bó bá jẹ́ 4, kò sí okùn tí ẹ lè rà tí ọwọ́ yín kò ní dùn yín, àní kó fẹ́lẹ́ bí irun. Ọ̀pọ̀ báàsì olówó pọ́ọ́kú ló ń jáde nílé-iṣẹ́ pẹ̀lú okùn tó ga bẹ́ẹ̀. Lórí bíríìjì, irin kékeré kọ̀ọ̀kan ló gbé okùn kọ̀ọ̀kan dúró, ìdè tíntìntín méjì sì wà lára irin náà tí a ń fi Allen key, irin kékeré onígun mẹ́fà, yí. Ẹ yí méjèèjì bákan náà, díẹ̀díẹ̀, kí okùn sọ̀ kalẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu fírẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e padà sókè díẹ̀.

Bí ọrùn gìtá fúnra rẹ̀ bá ti tẹ̀ bí ọrun, ọ̀pá irin tó wà nínú rẹ̀ ni a ó yí. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan péré ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó tún yí i. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi so èyí mọ́ okùn ni pé okùn mẹ́rin tó nípọn níwọ̀n ń fa ọrùn gìtá pẹ̀lú agbára tó tó kílò 70 sí 80. Bí ìgbà tí àgbàlagbà kan rọ̀ mọ́ ọn ni. Bí ẹ bá kúrò lórí 45-105 bọ́ sórí 40-95, ẹni tó rọ̀ mọ́ ọn ti fúyẹ́, ọrùn á sì tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, okùn á sún mọ́ fírẹ́ẹ̀tì, á máa lù ú. Ẹni tí kò mọ̀ á ní okùn tuntun yìí kò dáa.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: rírà

Fender, D'Addario, Ernie Ball, Rotosound, GHS, La Bella: orúkọ ń yàtọ̀, ṣùgbọ́n akọ́ṣẹ́ kò lè ṣìnà nínú wọn. Ohun tó yẹ kí ojú yín wá lára páálí kò ju mẹ́rin lọ: Bass, iye okùn, Long Scale tàbí ìwọ̀n tiyín, àti nọ́ńbà ìnípọn. Ẹ má ra okùn tí kò sí nínú ọ̀rá tàbí páálí rẹ̀, tàbí èyí tí ìpẹtà ti hàn lára rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fi sí i. Nígbà tí ẹ bá máa ra òmíràn, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà, ìnípọn tàbí irú, kì í ṣe méjèèjì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó tún ọ̀rọ̀ ṣe.

Ìgbésẹ̀ keje: fífi í sí i

Ẹ wá ẹ̀mú tó ń gé wáyà, aṣọ mímọ́ kan, àti túúnà, ohun tó ń sọ bóyá okùn ti dé ojú ohùn rẹ̀. Èyí tó wà lórí fóònù tó.

1. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, kí ọrùn gìtá má baà sinmi lójijì. Ẹ kọ́kọ́ dẹ okùn àtijọ́ títí á fi rọ̀ pátápátá. Ẹ má gé okùn tó ṣì le láé, ó lè fò mọ́ ojú.

2. Ẹ ti okùn tuntun gba ìdí bíríìjì títí bọ́ọ̀lù kékeré tó wà nídìí rẹ̀ á fi dúró gbọn-in.

3. Ẹ fà á kọjá kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gé e, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ká a ní igun kó tó di pé ẹ gé e, kí ẹ sì gé e lẹ́yìn igun náà. Bí ẹ bá gé e láìká a, wáyà tó wé e lè tú lára irin inú rẹ̀, okùn tuntun yẹn á sì dún bí òkú. Mi ò lè tẹnu mọ́ èyí tó.

4. Lórí ọ̀pọ̀ báàsì, ihò wà láàárín orí kọ́kọ́rọ́. Ẹ ti ẹnu okùn bọ inú rẹ̀, ẹ ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa yí i. Kí wíwé kọ̀ọ̀kan máa lọ sábẹ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Kó wé e lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó.

5. Ẹ fà á dé ojú ohùn rẹ̀. E ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, A ní 55, D ní 73, G ní 98. Bí túúnà yín bá ń fi nọ́ńbà hàn, ẹ wò ó, nítorí túúnà tó kàn kọ E lè jẹ́ E tó fi ìlọ́po méjì ga ju èyí tí ẹ ń wá lọ. Ibẹ̀ ni okùn ń já sí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: bí ẹ bá rí i pé ó ti le ju ti àtijọ́ lọ, ẹ dúró.

6. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ okùn rọra níwájú bíríìjì àti lẹ́yìn nọ́ọ̀tì, kó lè ká dáadáa síbẹ̀. Ẹ fà á sókè díẹ̀ láàárín, ẹ tún ohùn rẹ̀ ṣe. Á tún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kó tó jókòó. Bí ara okùn tuntun ṣe rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ yẹ ohùn fírẹ́ẹ̀tì kejìlá wò. Ẹ fi ìka kan okùn lórí fírẹ́ẹ̀tì náà láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ta á, kí ẹ gbé ìka kúrò. Ohùn tó mọ́ bí agogo á jáde. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kan náà, kí ẹ tún ta á. Ó yẹ kí túúnà kọ ohun kan náà fún méjèèjì. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ bá ga jù, ẹ fa irin tó gbé okùn náà sẹ́yìn lórí bíríìjì, kó jìnnà sí nọ́ọ̀tì. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ sún un síwájú. Ẹ máa tún ohùn okùn ṣe lẹ́yìn ìsún kọ̀ọ̀kan.

Ìtọ́jú

Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé gìtá, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nu okùn, lókè àti lábẹ́, nígbà tí ẹ bá ta á tán. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohùn roundwound tí wọ́n ń nù bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n ń sọ sínú àpò pẹ̀lú òógùn lọ. Àwọn kan ń se okùn lórí iná nínú omi gbígbóná kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè jáde. Ó ń ṣiṣẹ́ fún roundwound, àmọ́ ohùn tó padà yẹn kì í pẹ́ lọ, irin náà sì lè dípẹtà bí ẹ kò bá jẹ́ kó gbẹ délẹ̀. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú tapewound.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé àsìkò ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀? Túúnà á máa kọ ohun kan lókè ọrùn gìtá, á máa kọ òmíràn nísàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ti tún bíríìjì ṣe. Tàbí kí ẹ fi ìka yẹ ìsàlẹ̀ okùn wò, kí ẹ rí i pé fírẹ́ẹ̀tì ti gbẹ́ ihò síbẹ̀. Tàbí kí ohùn kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì lẹ́yìn tí ẹ bá ta á. Fún ẹni tó ń ta á lójoojúmọ́, ó lè tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Báàsì kì í tètè já okùn bíi gìtá kékeré.

Ẹ má sọ okùn àtijọ́ tí ẹ yọ nù. Ẹ ká wọn, ẹ kọ E, A, D, G sí wọn lára, kí ẹ kó wọn sínú páálí tuntun tó ti ṣófo, kí ẹ sì jù wọ́n sínú àpò gìtá. Lọ́jọ́ tí okùn kan bá já ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó gun orí pèpéle, òun lẹ máa fi sí i.